Kọ́kọ́rọ́ Tó Mọ Níwọ̀n: Bí Ọ́fíìsì Ńlá Ṣe Ń Pín Àṣẹ Lórí Kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa kọ̀ǹpútà, kó sì jẹ́ Yorùbá tó máa yé ọmọ JSS 1. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ, torí ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Ẹ máa rántí pé ìwé ìròyìn wa pẹ́ kó tó jáde ní sáà tó kọjá. Fódà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ní lórí kọ̀ǹpútà, pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò, láti orí ààrẹ ẹgbẹ́ dé orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lánàá. Ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ẹlòmíì kọ ọ́ sára tábìlì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn náà, àpilẹ̀kọ mẹ́ta ti pòórá. Wọ́n béèrè ta ló lo kọ̀ǹpútà náà gbẹ̀yìn. Wọ́n ní èmi ni wọ́n rí níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí a tó lọ kàwé alẹ́.

Lóòótọ́ ni mo wà níbẹ̀. Àlọ́ ni mo ń tẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó wa wò mí títí, wọ́n wá sọ pé, "Mi ò lè sọ pé ìwọ ni, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe ìwọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn kan fi ń pè mí ní "Dìlíìtì" ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá gba iwájú wọn kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kó ìwé yín o, Dìlíìtì ń bọ̀."

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi àárín sáà, mo sọ ọ́ fún àǹtí mi, àbúrò màmá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Àbújá. Mo rò pé wọ́n á bá mi bú àwọn tó ń pè mí ní Dìlíìtì. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò burú. Bí ẹ ṣe pín kọ́kọ́rọ́ yín ni ò dáa." Wọ́n wá jókòó, wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, àti èyí tí mo kà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìbéèrè méjì ní ẹnu ọ̀nà

Àǹtí mi ní gbogbo kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò gbọ́dọ̀ máa bi ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní ìbéèrè méjì. Èkíní: "Ta ni ọ́, kí sì ni ẹ̀rí rẹ?" Èkejì: "Ní báyìí tí mo ti mọ̀ ọ́, kí lo láṣẹ láti ṣe?" Ìbéèrè méjèèjì jọra létí, àmọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ wo ilé ìwé wa. Bàbá tó ń ṣọ́ gétì mọ̀ mí dáadáa, wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ họ́sítẹ́ẹ̀lì mi. Ìyẹn ò ní kí wọ́n jẹ́ kí n jáde lọ sọ́jà láìgbàṣẹ. Wọ́n mọ̀ mí, àmọ́ mi ò láṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kíláàsì wa kan ṣe lè láṣẹ láti wọ yàrá oúnjẹ nítorí pé òun ló ń gbé abọ́, tí kò sì láṣẹ láti wọ ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́ sí.

Àwọn baba wa mọ ìbéèrè méjì yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ní àwọn ìránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìlàrí. Wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀, kí ẹni tó bá rí wọn lè mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n. Ẹ̀rí nìyẹn. Àrokò náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ á mú ohun kan dání tí ẹni tí wọ́n rán an sí máa dá mọ̀, kó lè gbà pé òótọ́ ni iṣẹ́ náà ti wá. Àmọ́ ìlàrí tí wọ́n rán lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ nílùú kan kò lè débẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni àṣẹ rẹ̀ mọ.

Àwa ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè méjèèjì la ò béèrè. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ bóyá èmi ni tàbí ààrẹ ẹgbẹ́, torí pásíwọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wa ń tẹ̀. Ẹni tó bá sì ti wọlé lè kà, ó lè kọ, ó lè pa rẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo máa ń rò pé òwe yìí kàn ń sọ pé ká ran ara wa lọ́wọ́ ni. Àǹtí mi ní ó tún kọ́ wa pé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tó yẹ kó dé, àti pé ibi tí ọwọ́ àgbà ò dé wà, bó ti wù kó jẹ́ àgbà tó.

Wọ́n fi ọsíbítù ńlá ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń yọ káàdì nílò orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kò nílò láti mọ àìsàn tó ń ṣe é. Dókítà nílò láti mọ àìsàn náà, kó sì kọ oògùn. Ẹni tó ń fúnni lóògùn nílò láti ka oògùn tí dókítà kọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yí i padà. Ẹni tó ń gbowó nílò láti mọ iye owó. Ọ̀gá ọsíbítù pàápàá, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, kò nídìí tó fi yẹ kó máa ṣí fáìlì aláìsàn tí kì í ṣe òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba kìkì àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè, tí ẹnì kan bá wá jí pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ń yọ káàdì, olè náà ò lè rí àṣírí àìsàn ẹnikẹ́ni. Yàrá kan ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, gbogbo ilé kọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder, kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1975 pé kí ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà má ṣe ní ju ìwọ̀nba àṣẹ tó máa fi parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títí dòní, ọ̀rọ̀ wọn yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ńkọ́? Ta ló máa jókòó kó máa fún wọn láṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ní ọdún 1992, àwọn méjì mìíràn, David Ferraiolo àti Richard Kuhn, ṣàlàyé ọ̀nà kan: ipò ni kí a so àṣẹ mọ́, ká wá fi ènìyàn sí ipò náà. A ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé "akáwó lè ṣe báyìí, báyìí". Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbà gẹ́gẹ́ bí akáwó á gba àṣẹ akáwó. Bó bá kúrò nípò náà, àṣẹ náà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín, torí pé a ti kọ́ ọ ní kíláàsì Yorùbá. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn olórí ìwẹ̀fà mẹ́ta wà. Ọ̀nà-ẹfà ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ọ̀tún-ẹfà ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Òsì-ẹfà ló ń rí sí owó tó ń wọlé fún ọba. Bí Ọ̀nà-ẹfà kan bá kú, ẹlòmíì á jẹ oyè náà, á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Oyè ló ni iṣẹ́, ẹni tó bá jẹ oyè ló ń ṣe é. Àwọn baba wa ò rí kọ̀ǹpútà rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé kò yẹ kí owó, ẹjọ́ àti ẹ̀sìn wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìwé orúkọ kan fún gbogbo ilé

Ọ́fíìsì ńlá kì í ní kọ̀ǹpútà kan tàbí ètò kan. Ètò owó oṣù wà lọ́tọ̀, ti lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, ti ọjà inú sítọ́ọ̀ wà lọ́tọ̀, ti oníbàárà náà wà lọ́tọ̀. Òmíì wà ní Lọ́kọ́ja, òmíì wà ní Èkó. Bí ètò kọ̀ọ̀kan bá ní ìwé orúkọ tirẹ̀, wàhálà dé. Òṣìṣẹ́ kan á ní pásíwọ́ọ̀dù mẹ́wàá, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ tábìlì. Bí ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ níbi mẹ́jọ, wọ́n á gbàgbé ibi méjì.

Nítorí náà, wọ́n máa ń ní ìwé orúkọ kan ṣoṣo ní àárín, tí gbogbo ètò yòókù á máa lọ wò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò káàkiri ayé ni Active Directory, tí ilé iṣẹ́ Microsoft mú jáde pẹ̀lú Windows 2000. Bí ẹ bá yọ orúkọ ẹnì kan níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn tó ń wo ìwé náà á tì mọ́ ọn. Ó dà bíi pé ọ̀gá ilé ìwé kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé kan, tí yàrá ìkàwé, yàrá oúnjẹ àti gétì sì ń wo ìwé kan náà.

Àmọ́ ìwé náà gbọ́dọ̀ máa bá ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ rìn. Àǹtí mi ní ìgbà mẹ́ta ni kí wọ́n máa ṣọ́: ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó pààrọ̀ iṣẹ́, àti ọjọ́ tó jáde. Gbogbo ènìyàn máa ń rántí ọjọ́ tó wọlé, torí pé òun fúnra rẹ̀ á wá béèrè. Ọjọ́ tó pààrọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì oúnjẹ, ó wá di pírífẹ́ẹ̀tì eré ìdárayá. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ta ló gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá ń pààrọ̀ ipò báyìí lọ́dọọdún, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, a ò sì ní mọ̀.

Ọjọ́ tó jáde ló wá léwu jù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kárùn-ún ọdún 2021. Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Colonial Pipeline, tó ń fi páìpù gbé epo bẹntiróòlù láti ìpínlẹ̀ Texas lọ sí apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Àkáǹtì àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ láti fi wọ inú ètò wọn láti òkèèrè, àmọ́ wọn ò tì í pa. Àwọn ọ̀daràn rí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí kejì tí ètò náà ń béèrè, wọ́n bá wọlé. Ilé iṣẹ́ náà ní láti dá epo dúró fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn tò sílé epo, wọ́n sì san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ dọ́là dín díẹ̀ fún àwọn ọ̀daràn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba rí lára rẹ̀ gbà padà lẹ́yìn náà. Àwa tí a mọ bí ìlà ilé epo ṣe ń rí, ẹ rò ó wò: kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan tí wọn ò gbà padà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé òfin tiwa nílẹ̀ Nàìjíríà ti sọ̀rọ̀ nípa èyí. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ dá gbogbo kóòdù àti àṣẹ ìwọlé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún ẹni tó gbà á síṣẹ́ ní kété tó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí

Nǹkan mìíràn wà nínú òfin 2015 yẹn tí mo fẹ́ràn. Ó ní báńkì ò gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo láṣẹ láti kọ owó sílẹ̀ pé kó lọ, kí òun kan náà tún jẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Ẹnì kan á kọ ọ́, ẹlòmíì á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì gbà á wọlé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jalè, ó di dandan kó wá ẹnì kejì. Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì kọ òdo kan kún owó, ojú kejì á rí i.

Mo bi àǹtí mi pé ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀. Wọ́n ní á falẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe é fún gbogbo nǹkan. Ohun tó bá wúwo ni wọ́n ń ṣe é fún: owó ńlá, pípa nǹkan rẹ́, àti fífún ẹlòmíì láṣẹ. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹnì kan lè máa tẹ àpilẹ̀kọ nígbà tó bá wù ú. Àmọ́ kí àpilẹ̀kọ kan tó parẹ́, ó yẹ kí ẹni méjì mọ̀ sí i.

Ẹ̀rí kejì àti ìwé àkọsílẹ̀

Pásíwọ́ọ̀dù nìkan ò tó, torí pé ó lè tú. Ẹ má rò pé ìgbà ayé tiwa yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì fi pásíwọ́ọ̀dù sí i. Wákàtí mẹ́rin péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún ọmọ ilé ìwé kan tó ń jẹ́ Allan Scherr. Kò tó o. Ní ọdún 1962, ó ní kí kọ̀ǹpútà tẹ fáìlì tí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ jáde sórí bébà, kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ ẹ́ fún un! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹlòmíì wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó jẹ́wọ́. Nígbà tí mo kà á, mo rò ó pé: ní gbogbo ìgbà yẹn, orúkọ àwọn ẹlòmíì ni ìwé fi hàn pé ó lo kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù màmá yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ pásíwọ́ọ̀dù tán. Pásíwọ́ọ̀dù jẹ́ ohun tí o mọ̀, fóònù jẹ́ ohun tí o ní. Olè tó mọ ọ̀kan ṣì nílò èkejì. Ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe ka nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ tutù tó.

Lẹ́yìn ẹ̀rí ni ìwé àkọsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ta ló wọlé, ní aago mélòó, kí ló ṣí, kí ló yí padà. Ẹni tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ láṣẹ láti pa ìwé náà rẹ́, títí kan ọ̀gá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Yorùbá ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹni tó ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kò nílò láti fọ́ ilẹ̀kùn.

Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Paradigm Initiative, kéde pé àwọn kan ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti àlàyé nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rùn-ún náírà péré. Àjọ NIMC tó ń tọ́jú nọ́ńbà náà sọ pé ẹnikẹ́ni ò fọ́ ilé ìpamọ́ òun. Ẹ wò ó báyìí: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló láṣẹ láti béèrè lọ́wọ́ NIMC bóyá ẹnì kan ni ẹni tó sọ pé òun jẹ́. Nítorí náà, yàtọ̀ sí pé ká máa béèrè bóyá ògiri lágbára, ó yẹ ká tún máa béèrè ta la fún ní kọ́kọ́rọ́, kí ló ń fi ṣe, ta ló sì ń ṣọ́ ọ. Òfin tó ń dáàbò bo àlàyé nípa ara ẹni, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé ẹni tó bá gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ṣé àìfọkàntánni ni?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì gbọ́ gbogbo èyí, ó ní, "Ìwọ náà! Ṣé a ò fọkàn tán ara wa mọ́ ni?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì bi àǹtí mi. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó gbọ́n kì í bínú bí wọn ò bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí kò nílò. Bí owó bá sọnù nínú yàrá tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ni wọ́n á kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé torí olè ni wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Mo ti wá rí i pé torí aláìṣẹ̀ náà ni. Ká ní èmi nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù mi, ká ní kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé, mo tẹ àlọ́, mo jáde, ẹnu olùkọ́ wa ì bá gbà á láti sọ pé, "Kì í ṣe ọmọ yìí."

Àmọ́ bí a bá ti ilẹ̀kùn jù, ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Bí aláìsàn bá dé ọsíbítù lóru, tí dókítà tó láṣẹ ò sí nílé, ṣé kí aláìsàn máa kú lọ? Rárá o. Wọ́n máa ń ní kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì kan. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè lò ó, àmọ́ bó bá ti lò ó, ìwé àkọsílẹ̀ á pariwo, yóò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìlànà tí kò jẹ́ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ rẹ̀ á mú kí wọ́n máa yá ara wọn ní pásíwọ́ọ̀dù, a ó sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé ká ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má rò pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́. Ọmọdé ni mí. Àmọ́ mo rò pé a lè ṣe nǹkan márùn-ún yìí láìná kọ́bọ̀:

1. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó má sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ gàrí nínú abọ́ kan.

2. Kí àwọn tó ń kọ̀wé lè kọ sínú fódà tiwọn nìkan. Kí olóòtú àti igbákejì rẹ̀ lè ka gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀.

3. Kí ẹnikẹ́ni má lè dá pa àpilẹ̀kọ rẹ́. Kí olóòtú béèrè, kí olùkọ́ wa fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀dà kan sì máa wà lọ́wọ́ olùkọ́ wa nínú fúláàṣì.

4. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí a ka orúkọ gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì. Ẹni tó bá ti kúrò nínú ẹgbẹ́, tàbí tó ti jáde nílé ìwé, kí a ti tirẹ̀ pa lọ́jọ́ náà. Àwọn SS 3 tó lọ lọ́dún tó kọjá ṣì mọ pásíwọ́ọ̀dù wa títí dòní!

5. Kí a gbé ìwé kan síbi kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá lò ó kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kọ tirẹ̀, ká kọ tiwa náà.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò mọ ẹni tó pa àpilẹ̀kọ mẹ́ta yẹn rẹ́. Ó lè jẹ́ ẹnì kan tó ń bínú. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún tirẹ̀. Mo tún ti rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì mi lóru pé ó lè jẹ́ èmi náà, pé bóyá ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ nígbà tí mo ń sáré torí agogo ti dún. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wù mí kí n mọ̀, kí n lè bẹ àwọn tó ni àpilẹ̀kọ náà. Pásíwọ́ọ̀dù tí gbogbo wa jọ ń lò kò jẹ́ kí n lè sọ pé èmi kọ́, kò sì jẹ́ kí n lè sọ pé ẹ má bínú.